Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí Aṣòfin Bá Ń Tọpa Owó Ìlera

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí owó ìlera pọ̀ gan-an lóṣù yìí. A kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì gé àwọn tó gùn kúrú. Orúkọ ìlú nìkan la fi síwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba wà lára àwọn tó kọ̀wé.

Láti Abẹ́òkúta: *Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣòfin wa sọ lórí rédíò pé òun kò lágbára láti béèrè bí ilé ìwòsàn ṣe ń náwó, pé iṣẹ́ kọmíṣọ́nà nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí lóòótọ́?*

Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 128 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti wádìí bí ẹnikẹ́ni, tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba èyíkéyìí, ṣe ń ná owó tí ilé náà fọwọ́ sí. Abala 129 sì jẹ́ kí wọ́n lè pe èèyàn wá, kó kó ìwé dání, kó sì búra kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ etí ikún, ilé lè fún ọlọ́pàá níwèé àṣẹ láti gbé e wá. Ní Àbújá, abala 88 àti 89 ló gbé agbára kan náà wọ àwọn aṣòfin àpapọ̀.

Àmọ́ agbára náà ní ààlà. Ilé gbọ́dọ̀ ti jọ fẹnu kò lórí ìwádìí náà, kí wọ́n sì tẹ ìpinnu ọ̀hún sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé tàbí ìwé ìròyìn ìjọba. Aṣòfin kan ṣoṣo kò lè jí lówùúrọ̀ kó ní òun fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ dókítà àgbà. Ìdí ìwádìí náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ṣe òfin tàbí tún òfin ṣe, tàbí láti tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìmọṣẹ́ àti ìnákúnàá. Ní ọdún 1980, nígbà tí Ilé Aṣòfin Àgbà fẹ́ kí Tony Momoh, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times nígbà náà, wá jẹ́jọ́ lórí ohun tí ìwé ìròyìn náà gbé jáde, ilé ẹjọ́ sọ pé agbára ìwádìí kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Aṣòfin kò sì lè lé nọ́ọ̀sì kúrò níṣẹ́ tàbí gbé e lọ sí ibòmíì. Owó ni agbára tiẹ̀ wà lé lórí: ohun tí yóò fọwọ́ sí lọ́dún tó ń bọ̀, àti ohun tí yóò béèrè nípa ti ọdún yìí.

Láti Ìsẹ́yìn: *Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ka owó ńláńlá fún ìlera nínú ètò ìṣúná, síbẹ̀ oògùn ibà kì í sí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò wa. Níbo lowó náà ń gbà lọ?*

Nígbà púpọ̀, owó náà kò tíì dé rárá. Iye tó wà nínú ìwé ìṣúná jẹ́ àṣẹ láti náwó bí owó bá wọlé. Nítorí náà, iye mẹ́rin ni aṣòfin tó mọṣẹ́ máa ń béèrè fún lórí ìlà ìnáwó kọ̀ọ̀kan: iye tí ilé fọwọ́ sí, iye tí ìjọba buwọ́ lù pé kí wọ́n tú sílẹ̀, iye tó wọ àpò ilé iṣẹ́ náà gan-an, àti iye tí wọ́n ná. Ibi tí iye náà bá ti já wálẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ká ní wọ́n kọ ₦40,000,000 sílẹ̀ fún oògùn ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, tó wá jẹ́ ₦10,000,000 ló wọlé títí di oṣù Ọ̀wàrà. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Bí wọ́n bá wá ń fi kọmíṣọ́nà ìlera ṣe ẹlẹ́yà níwájú kámẹ́rà, aláìṣẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Kọmíṣọ́nà ìnáwó àti akápò àgbà ló yẹ kó wá ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n bí ₦40,000,000 bá wọlé pé tí àpótí oògùn sì ṣófo, ilé iṣẹ́ ìlera ni ọ̀rọ̀ náà já lé léjìká. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ṣe pàtàkì, ìwé ìtúsílẹ̀ owó nìkan ló sì lè fi hàn.

Kí ló fà á tí owó kì í fi í wọlé? Ìjọba máa ń fojú bu owó tí yóò wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, kí ìwé ìṣúná lè dára lójú. Bí owó kò bá wá pé, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń san. Oògùn, àtúnṣe ilé àti ohun èlò ló ń gbẹ́yìn. Owó míì sì wà tó ń pẹ́ dé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007 lórí iṣẹ́ àgbàṣe ní kí ìkéde wà níta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ìdíje tó kan orílẹ̀-èdè. Owó tí wọ́n tú sílẹ̀ ní òpin oṣù Belu kò lè rí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kọjá kí oṣù Ọ̀pẹ tó parí. Ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni kí wọ́n sáré pín iṣẹ́ fún ẹni tí wọ́n mọ̀, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí owó náà padà sí àpò ìjọba. Aṣòfin tó bá rí i pé ìdá tó pọ̀ jù nínú owó ìlera ń jáde lóṣù méjì tó kẹ́yìn ọdún ti rí ibi tó yẹ kó walẹ̀ sí.

Ẹ tún ṣọ́ ìlà tí kò lórúkọ gidi. “Ríra oògùn àti ohun èlò ní gbogbo ìpínlẹ̀” kò ṣeé tọpa. Ní àkókò ìgbìmọ̀ ìṣúná, kí aṣòfin ní kí wọ́n tú u palẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, oògùn kọ̀ọ̀kan, iye páálí kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, a jẹ́ pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe dé iye tí wọ́n béèrè nìyẹn, kò sì yẹ kí ilé fọwọ́ sí i.

Láti Ìkirè: *Mo jẹ́ olùrànlọ́wọ́ fún aṣòfin kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lórí ìlera. A fẹ́ lọ bẹ ilé ìwòsàn mẹ́wàá wò. Kí ló yẹ ká wò gan-an? Gbogbo àbẹ̀wò tí mo ti rí kò ju kí wọ́n ya fọ́tò lọ.*

Ẹ kú ìrònú. Iṣẹ́ àbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ kí mọ́tò tó gbéra.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé mẹ́ta: ìwé owó tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ìnáwó, ìwé ìfijíṣẹ́ oògùn láti ilé ìṣúra oògùn ìpínlẹ̀, àti ìròyìn oṣooṣù ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́fà. Ẹ mú apòògùn kan àti agbẹ̀bí kan dání, àwọn tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ sọ wọ́ọ̀dù tí ẹ ń bọ̀ fún ilé iṣẹ́ ìlera, ẹ má sọ orúkọ ilé ìwòsàn. Owó epo, oúnjẹ àti ibùsùn yín, àpò ilé aṣòfin ni kó ti jáde. Ìgbìmọ̀ tó bá jẹun tán lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ wádìí kò ní lẹ́nu láti béèrè ìwé.

Bí ẹ bá dé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú yín lọ jókòó sí ọ́fíìsì. Yàrá oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Káàdì kan máa ń wà lẹ́bàá oògùn kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní bin card. Ọjọ́, iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó ṣẹ́kù àti ìbuwọ́lù ẹni tó fún ni ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ mú oògùn márùn-ún péré, kí ẹ sì yẹ̀ wọ́n wò dáadáa: oògùn ibà, amoxicillin àwọn ọmọdé, oògùn ẹ̀jẹ̀ fún aboyún, magnesium sulphate tí wọ́n fi ń tọ́jú aboyún tí gìrì bá mú, àti oxytocin tí agbẹ̀bí ń gún fún ìyá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní páálí oògùn ibà 40 ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, 120 wọlé, 35 sì ṣẹ́kù lópin oṣù. 125 ló jáde nìyẹn. Ẹ ṣí ìwé àwọn aláìsàn, kí ẹ ka àwọn tí wọ́n kọ oògùn náà fún lóṣù yẹn. Bó bá jẹ́ 118 tàbí 121, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ìwé kékeré kò ṣeé yẹra fún. Bó bá jẹ́ 60, páálí 65 ti bá ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹ wá fi 120 tó wọlé wé ìwé ìfijíṣẹ́ tí ẹ kó dání. Bí ilé ìṣúra ìpínlẹ̀ bá ní 200 lòun kó fún wọn, ọ̀nà ni 80 ti sọnù, kí ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ náà dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi.

Àwọn àmì míì wà tó yẹ kó kọ yín lóminú. Bí gbogbo ìlà oṣù kan bá jẹ́ bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, láìsí ibi tí wọ́n ti pa á rẹ́ tàbí tí omi kán sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìjókòó kan ni wọ́n fi kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì tí iye rẹ̀ kì í dé òdo láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ, nígbà tí àwọn ìyá tó wà níta ń sọ pé “lọ rà á níta” ni wọ́n ń sọ fáwọn. Oògùn máa ń tán níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan fi tán láàárín oṣù mẹ́fà, nítorí iye ọjọ́ yẹn ṣeé gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìṣúná ju ẹgbẹ̀rún fọ́tò lọ.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ìdí fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìgbóná inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, títí kan Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi. Ìwé tó ní “4, 4, 4, 4” fún odindi oṣù kò ṣeé gbà gbọ́ ní ìlú tí iná ọba ti ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ wo ara ìgò àjẹsára: àmì róbótó kan wà níbẹ̀ tí igun mẹ́rin kékeré wà nínú rẹ̀. Bí igun mẹ́rin náà bá mọ́lẹ̀ ju róbótó tó yí i ká lọ, kò tíì bàjẹ́. Bó bá dúdú bí i tàbí jù ú lọ, ooru ti pa á, wọn kò gbọdọ̀ gún un fún ọmọ kankan. Òtútù àpọ̀jù náà burú. Abẹ́rẹ́ ìpá (tetanus) àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ máa ń bàjẹ́ bí wọ́n bá dì, àmì yẹn kò sì lè fi èyí hàn. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìgbóná fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́.

Inú òtútù kan náà, 2 sí 8, ló yẹ kí oxytocin wà. Ní ibi púpọ̀, orí tábìlì ni yóò wà, nínú ooru, nítorí wọ́n ti sọ fún òṣìṣẹ́ pé fìríìjì àjẹsára kò gbọdọ̀ gba oògùn míì. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ti sọ pé ó lè wà níbẹ̀, bí wọ́n bá fi àmì sí i, tí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀. Abẹ́rẹ́ tí ooru ti gba agbára rẹ̀ yóò wọ ara ìyá, kò sì ní dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Owó ti jáde, oògùn wà, ìwé pé, ìyá sì lè kú síbẹ̀. Irú èyí ló ń dùn wá jù nínú gbogbo ohun tí àbẹ̀wò lè tú jáde, nítorí ìtọ́ni ojú ìwé kan láti ọ̀dọ̀ àjọ ìlera alábọ́dé ìpínlẹ̀ tó láti dá a dúró.

Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi. Ẹ tan iná yàrá ìbímọ. Ẹ béèrè ẹni tó sun ibẹ̀ lálẹ́ àná, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ wé ìwé owó oṣù. Kí ẹ tó kúrò, kí agbẹ̀bí yín bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọgbà nípa iye tí wọ́n san, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Nínú ìròyìn yín, kí àbájáde kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ẹ rí, ìwé tó fi hàn, ẹni tó yẹ kó dáhùn àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dáhùn dà. Ẹ padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Láti Adó-Èkìtì: *Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní owó kan ń bọ̀ láti Àbújá tààrà sí àpò ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ta ló ń ṣọ́ ọ?*

Owó tí ẹ ń sọ wá láti inú Òfin Ìlera ti 2014. Òfin náà ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, sọ́tọ̀ nínú àpò àpapọ̀ tó ń gba owó tó wọlé fún un. Bí òfin ṣe pín in nìyí: ìdá 50 fún ìtọ́jú tó ṣe kókó nípasẹ̀ àjọ adójútòfò ìlera, 20 fún oògùn àti àjẹsára, 15 fún ilé, ohun èlò àti ọkọ̀, 10 fún òṣìṣẹ́, 5 fún ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ní 2014 ni wọ́n buwọ́ lu òfin yìí, àmọ́ 2018 ni ìdá 1 náà kọ́kọ́ hàn nínú ètò ìṣúná, bíi ₦55.15 bílíọ̀nù. Ilé tó ṣe òfin ló tún ń fọwọ́ sí ìwé ìṣúná tí owó náà kò sí nínú rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí ìgbìmọ̀ ìlera lónìí rántí èyí kó tó na ìka sí ilé iṣẹ́ ìjọba.

Ní ìsàlẹ̀, ilé ìwòsàn tó bá wà lórí ètò náà máa ń ní àpò ní báńkì. Ọ̀gá ilé ìwòsàn àti alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ni wọ́n jọ ń buwọ́ lu owó. Fún ọdún mélòó kan, nǹkan bíi ₦300,000 ló ń wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé yóò di ₦600,000 sí ₦800,000. Ó tó láti tún òrùlé tó ń jò ṣe, láti fa omi, láti ra oògùn.

Ibi mẹ́ta ló ti ń dojú rú. Ilé ìwòsàn tí kò bá jíhìn owó tó gbà kọjá, wọ́n máa ń dá tòun dúró. Alága wọ́ọ̀dù míì máa ń buwọ́ lu ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tí kò tíì sí iye owó lórí rẹ̀, kó má baà ṣe wàhálà wíwá lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sì wà tí kì í mú owó tiwọn wá, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó iṣẹ́ náà sílẹ̀ ó kéré tán. Aṣòfin ìpínlẹ̀ ló lè wo ìwé ìṣúná, kó wo bóyá ìdá 25 yẹn wà níbẹ̀, kó sì béèrè bóyá ó jáde. Ẹ̀yin ará wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí alága yín ka ìwé báńkì síta nípàdé.

Láti Òṣogbo: *Ìwúlò wo ni ìròyìn olùṣàyẹ̀wò owó àgbà ní fún wa?*

Ó wúlò gan-an, bí ilé bá kà á. Abala 125 ní kí olùṣàyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tó bá gba ìṣirò ọdún lọ́wọ́ akápò àgbà, kí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lórí ìṣirò owó ìlú sì gbé e yẹ̀ wò. Bí akápò bá pẹ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò pẹ́, àwọn tó jẹ gbèsè àlàyé yóò sì ti fẹ̀yìn tì. Ní abala ìlera, ẹ wá ohun mẹ́ta: owó tí wọ́n san láìsí ìwé ẹ̀rí, owó tí òṣìṣẹ́ gbà ṣíwájú tí kò jíhìn, àti ọjà tí wọ́n sanwó rẹ̀ tí kò wọ ìwé ilé ìṣúra. Èyí tó kẹ́yìn ni ẹ lè lọ wò fúnra yín pẹ̀lú káàdì oògùn tí a sọ lókè.

Láti Peckham, Lọ́ńdọ́ọ̀nù: *Ilé ìwòsàn kan wà ní ìlú bàbá mi tí wọ́n kọ́ parí, tí wọ́n kùn lọ́dà, tí wọ́n sì tì pa. Ṣé ẹni tó wà lókè òkun bíi tèmi lè béèrè ìwé rẹ̀?*

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Òmìnira Ìwífún ti 2011 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́, kò sì pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ní oṣù Igbe 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe àjọ tó ń mójú tó àrùn Éèdì ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ọjọ́ méje ni ilé iṣẹ́ ní láti dáhùn. Wọ́n lè fi méje kún un bí ìwé náà bá pọ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n kọ̀, ẹ sì ní 30 ọjọ́ láti lọ sílé ẹjọ́. Ìtanràn ₦500,000 wà fún ilé iṣẹ́ tó bá kọ̀ láìnídìí. Àwọn ará ilé tí kò mọ̀wé lè lọ sọ ọ́ lẹ́nu ní ọ́fíìsì, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ má kọ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀.” Ìwé ni kí ẹ béèrè, báyìí: “Mo ń béèrè fún ẹ̀dà ìwé àdéhùn iṣẹ́ àgbàṣe ilé ìwòsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù báyìí, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí, àkọsílẹ̀ gbogbo owó tí wọ́n san àti ọjọ́ tí wọ́n san án, àti ìwé tó fi iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n yàn síbẹ̀ hàn.” Èyí tó kẹ́yìn ló máa ń tú àṣírí jù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ àkànṣe tí aṣòfin fúnra rẹ̀ fi sínú ìṣúná, láìsí ẹni tó ṣètò owó oṣù nọ́ọ̀sì fún un. Bó bá jẹ́ pé aṣòfin tó ń ṣojú ìlú yín ló gbé e wá, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, tó ń tọpa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 2019, nítorí kò bójú mu kí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá tún jẹ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí èsì bá dé, kí ẹnì kan nílé kọ ìwé ẹ̀sùn sí olórí ilé aṣòfin nípasẹ̀ akọ̀wé ilé. Kí orúkọ wọ́ọ̀dù, ọjọ́ àti iye owó wà nínú rẹ̀, kí fọ́tò ilé tó wà ní títì pa náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó má sí ojú aláìsàn kankan nínú fọ́tò.